Òkú Tó Kọ̀wé ní Ìsàlẹ̀ Òsì

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí wọ́n sin Alhaji Fàsásì ni òkú kọ̀wé.

Inú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́ sí, níbi tí agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì ń to orúkọ gbogbo ọmọ ilé sí. Orúkọ Alhaji fúnra rẹ̀ ló wà lókè ọ̀rọ̀ náà: "Muslimat kì í ṣe ọmọ mi. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ kọjá níwájú yàrá bàbá á yà gba ẹ̀yìnkùlé. Búùtá àlùwàlá rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó láyà láti dà á nù.

Muslimat ló sáré lọ pe Bushrah ní Bẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà ni Bushrah ń tún ṣe, ó sì lórí kunkun. Bí nǹkan bá rú u lójú, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀.

"Lẹ́yìn ìrun àlàásárì òní ni ẹbí máa jókòó," Muslimat wí. "Bí wọ́n bá yọ orúkọ mi, màá kó jáde nínú yàrá tí ìyá mi bí mi sí. Ẹ gbà mí, àǹtí."

"Ta ló mọ páásíwọ́ọ̀dù tí bàbá fi ń wọlé síbẹ̀?"

"Èmi nìkan. Ojú wọn ò ríran dáadáa, èmi ni mo máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àmáànà ni, kí n má sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ó ti ń kọ̀ báyìí. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n."

Bushrah wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń lé jáde. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Zakariyya, ọmọ àbúrò olóògbé, tó ṣe ìwé orúkọ ilé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló jókòó sí pálọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rọ ò bà jẹ́, àǹtí. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá òkú ló ń bínú."

"Ta ló lè wọ ẹ̀yìn ìwé náà lọ yí nǹkan padà?"

"Èmi, àti àǹtí Sọ̀fíyàt, ẹ̀gbọ́n Muslimat. Mo kọ́ wọn kí wọ́n lè máa to orúkọ ọmọ tuntun sí i."

Nojeem, àkọ́bí olóògbé, bọ́ síta. "Bàbá ti sọ̀rọ̀, kí lẹ tún ń wá? Ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà."

"Ta ni yàrá Muslimat máa kàn?"

Nojeem wú ikọ́. "Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó."

"Ẹ̀rọ kọ wákàtí sílẹ̀: ọjọ́ Jímọ̀, aago kan ààbọ̀. Níbo lẹ wà?"

"Mọ́ṣáláṣí, sáàfù kìíní, lẹ́yìn lèmọ́mù gan-an. Ẹ bi Zakariyya, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà."

"Òótọ́ ni," Zakariyya wí. "Mo fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn níbí. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ilé baba wa ṣáà ni."

Sọ̀fíyàt gbé omi wá fún àlejò. Ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Muslimat, ìyá wọn ló yàtọ̀. Òun ló tọ́jú bàbá títí ó fi kú. Ó gbé omi kalẹ̀, kò wo ọ̀nà yàrá bàbá rárá.

Bushrah tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà fún bíi ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí gbogbo wọn jókòó.

"Ìwé yìí kì í tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni," ó wí. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á lọ̀ ọ́ bí ata, èyí tó lọ̀ náà lá tọ́jú. Bí ẹ bá padà wá, á tún lọ̀ ọ́, á fi wé ti àkọ́kọ́. Ata lílọ̀ ò sì lè padà di odidi. Ó tún ń bu iyọ̀ sí i, ti oníkálukú lọ́tọ̀. Kódà bí ẹni méjì bá ní páásíwọ́ọ̀dù kan náà, lílọ̀ wọn ò lè jọra."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Zakariyya wí.

"Kí ló dé tí ti bàbá àti ti ẹnì kan nílé yìí fi dọ́gba láti orí dé ẹsẹ̀?"

Bushrah na ìka sí ìlà méjì lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹni náà ò mọ ti bàbá. Ó da lílọ̀ ti bàbá nù, ó bu tirẹ̀ tòun tiyọ̀ rọ́pò, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn òkú. Bó bá ṣe Zakariyya ni, tuntun ni ì bá lọ̀; ó mọ̀ nípa iyọ̀. Àwọn ọkùnrin wà ní Jímọ̀." Ó yíjú. "Àǹtí Sọ̀fíyàt, tiyín ni."

Sọ̀fíyàt ò jiyàn.

"Ọdún mẹ́fà," ó wí. "Mo wẹ̀ wọ́n, mo bọ́ wọn. Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní, 'Muslimat, ṣé ìwọ nìyẹn?' Nígbà tí mo wà ní kékeré, Àṣàkẹ́ ni wọ́n ń kì mí tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n kú, wọn ò pè mí lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kí orúkọ Muslimat kúrò nílé yìí kí n lè sùn."

Nojeem bojú.

Ẹ̀dà ìwé náà ti oṣù tó kọjá wà lọ́wọ́ Zakariyya. Bushrah mú lílọ̀ bàbá níbẹ̀, ó dá a padà sáyè rẹ̀. "Muslimat, tẹ̀ ẹ́ wò."

Muslimat wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́. "Àmáànà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ rí i." Ó ní kí Bushrah jẹ́ kí lẹ́tà hàn, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan.

Asake.

Ìwé ṣí.

Sọ̀fíyàt dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé búùtá náà mọ́ àyà. Wọ́n ń pe ìrun àlàásárì. Muslimat lọ jókòó tì í.