Fọ́tò Tí Àlùmọ́gàjí Kò Lè Gé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ ààrò! Iná kan ṣoṣo ni gbogbo wa yóò yá. Gábrófò, ìlú àwọn tó ń ṣọ́ owó, la wà, a kì í dá iná méjì.

Lórí afárá ni Dafina, ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ ọbẹ kan, ti kọ́kọ́ rí Ognyan. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kanlẹ̀. Kí ni ọmọ Gábrófò yóò rò? Dafina kúnlẹ̀ tì í kíákíá, ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀.

"Èló ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Ognyan bú sẹ́rìn-ín. "Kò sówó tó sọnù. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wá." Ìgbà náà ni Dafina rí kámẹ́rà àti ìyá arúgbó tó fẹ́ yà, tó jókòó níwájú rẹ̀. Ojú tì í dé etí.

Ṣùgbọ́n onífọ́tò gan-an ni Dafina ń wá. Ìyá rẹ̀ ti kú, fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ bíńtín nìkan ló fi sílẹ̀, ojú rẹ̀ le níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Dafina kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀.

"Èló ni ti ẹni kan?"

"Ọgọ́ta owó lẹ́fà."

"Yéè! Fún ìṣẹ́jú àáyá kan?"

"Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kóo wá ka ìṣẹ́jú àáyá yẹn fún mi."

Ó lọ lóòótọ́. Ó rí Ognyan tó lo odidi ọ̀sán lórí ojú kan ṣoṣo: ó ń ti fèrèsé, ó ń ṣí i, ó ń dápàárá. Ó ya igba, ó mú ẹyọ kan, ó da ìyókù nù. Màlúù mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà ra ojú dígí kámẹ́rà náà. Ọ̀rọ̀ yìí rú Dafina lójú. Ta ní ń da nǹkan tó dára nù? Ohun tó tún rú u lójú jù ni pé ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì ní nǹkan kan tó fẹ́ rà.

*Ẹsẹ̀ mi, ibo lò ń gbé mi lọ?*
*Mo ní ká relé, o ní ká yà.*

Nígbà tí Ognyan sọ pé òun fẹ́ ẹ, ilé ni Dafina sá lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Kolyo, alágbẹ̀dẹ ọbẹ, fi òòlù lélẹ̀.

"Ẹni tó ń gba ọgọ́ta owó lẹ́fà lórí ìpajú kan? Bó bá bá ẹ jẹun, èló ni yóò gbà lórí òkèlè kan? N ò gbà!"

Dafina sunkún títí. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá díẹ̀. "Ó dáa. Fọ́tò tí o fẹ́ kí n yà yẹn, a ó yà á. Ká jókòó pọ̀, kó ya ẹyọ kan, èmi ó fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì. Owó ẹnì kan, fọ́tò ẹni méjì."

Dafina fi ìtìjú jíṣẹ́ náà. Ognyan ní, "Kí bàbá máa bọ̀."

Bàbá Kolyo jókòó ti Dafina, ó le bí irin tútù. Ognyan kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó po tíì, ó bi í pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé irin ti pọ́n tó?"

"Àwọ̀ rẹ̀ ni! Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ́ ọ. Ìyá ọmọ yìí ló ń gbé àtùpà dání fún mi..." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Láì mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ Dafina rí, ó dì í mú. Kẹ̀ẹ́! Ognyan ya fọ́tò.

Nígbà tí fọ́tò jáde, bàbá yọ àlùmọ́gàjí lápò. Ó gbé e sápá ọ̀tún, ó gbé e sósì. Ibo ni yóò gbà? Ọwọ́ méjèèjì ti di ọ̀kan. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ nínú àwòrán pẹ́.

"Ojú ìyá rẹ rèé," ló wí. Ó san ọgọ́ta náà pé. "Èmi náà kì í ta ọbẹ mi níye irin."

Ni Ognyan bá kúnlẹ̀ níwájú Dafina.

"Owó ló sọnù ni, àbí ìmọ́lẹ̀?" Dafina fi í ṣe yẹ̀yẹ́, omi lójú.

"Mo ti rí i, olólùfẹ́ mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ó kúkú dáa! Àna mi onífọ́tò, a ò ní sanwó fọ́tò ìgbéyàwó!"

"Bàbá, bí mo bá ń ya fọ́tò, ta ni yóò dúró ti Dafina?" Ognyan bi í.

Ọ̀rọ̀ rú bàbá lójú. Ó wo kámẹ́rà, ó wo àna, ó wo ọmọ. Ó mí kanlẹ̀.

"Lọ pe onífọ́tò míì wá láti ìlú Tárnófò. Ó gbọ́dọ̀ mọṣẹ́ o." Ó gbé ojú kúrò. "Má sì bá a ná an."

Mo wà níbi ìgbéyàwó náà, mo kọrin títí ohùn mi fi há. A jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà, a jẹ bánítsà, àkàrà oníwàràkàṣì, a fi búrẹ́dì nu àwo mọ́ tónítóní, kí omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ má baà ṣòfò. A yó, inú wa dùn, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.