Ẹ Má Dárúkọ Aláìsàn fún Òwìwí

Ọkùnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún yẹn, kò yẹ kó kú. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló mọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé tí òun bá délé, òun ò ní gbé nǹkan wúwo mọ́ láyé, àfi ìyàwó òun nìkan. Ìyàwó fi etí aṣọ bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ọkùnrin náà látorí dé ẹsẹ̀.

Ìyá Wọ́ọ̀dù, agbálẹ̀ ibẹ̀, ló nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe ń nulẹ̀ ló ń wo ojú àwọn dókítà. Ó rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

"Ta ló wà níṣẹ́ lóru?" ló bi Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà.

Sísítà wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, Màámi."

"Òwìwí?"

"Ẹ rọra o! Ṣé ẹ fẹ́ kó gbọ́ ni?"

Òwìwí ni wọ́n ń pe obìnrin dókítà kan tó máa ń ṣiṣẹ́ òru. Ó ga, ojú rẹ̀ tóbi, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá ẹnikẹ́ni mu tíì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní òru. Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún irú ìyẹn? Àtìgbà tó sì ti dé ni òwìwí gidi kan ti ń bà sórí táǹkì omi lẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Bí ẹyẹ yẹn bá ti ké, àwọn dókítà á wo ara wọn.

Àwọn dókítà yẹn, ẹ má wo ti kóòtù funfun. Ọ̀kan wà tí kì í ṣiṣẹ́ òru láìwọ ìbọ̀sẹ̀ pupa kan báyìí, ó fọ̀ ọ́ ni o, kò fọ̀ ọ́ ni o. Bí èèyàn bá ṣèèṣì sọ níwájú wọn pé alẹ́ yìí mà dákẹ́, wọ́n lè lù ú, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fa òkú wá sẹ́nu géètì. Àmọ́ ti Onígíláàsì ló le jù. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Níbi gbogbo, dókítà tó ń lọ sílé á bá èyí tó dé rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, á dárúkọ aláìsàn, á sọ ohun tó ń ṣe é. Onígíláàsì ní òun ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Òwìwí. "Orúkọ tí mi ò bá sọ fún un, kò lè pè é lóru." Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló máa ń jù sórí tábìlì. "Gbogbo wọn wà dáadáa." Ó ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ọkùnrin ìpá yẹn lọ, àwọn dókítà ṣèpàdé nínú yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Wọ́ọ̀dù gbé aṣọ wọlé bá wọn, ó fẹ́ sá padà.

"Ẹ wọlé, Màámi," ni Onígíláàsì wí. "Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òwìwí ló ń bọ̀ lálẹ́ yìí."

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní wọ́ọ̀dù, torí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn kékeré náà ní. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ìkókó wà lálàáfíà, ìyá ìkókó ló ṣì dùbúlẹ̀.

"Dókítà, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ìdí nìyẹn. A ó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, a ó fa kọ́tìnnì bò ó. Obìnrin yẹn ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Oníbọ̀sẹ̀ pupa họrí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọkàn ọmọ náà ń sáré jù, pé ká máa wò ó dáadáa?"

"Ìyá rẹ̀ á máa wò ó. Màámi, tí ẹ bá rí nǹkan, èmi ni kẹ́ ẹ pè nílé. Ẹ má lọ bá àjẹ́ yẹn o."

"Mo gbọ́, sà."

Alẹ́ lẹ́. Òwìwí dé. Kọ́kọ́rọ́ dún lórí tábìlì.

"Gbogbo wọn wà dáadáa."

"Ká jọ rìn yí ká," ni Òwìwí wí.

"Wọ́n ń retí mi nílé, màdáámú."

"Ọkùnrin àná náà wà dáadáa lẹ́nu ẹ."

"Ìwọ lo mọ ohun tó o fi ṣe!"

"Sọ ọ́ jáde tán, kí n gbọ́."

Onígíláàsì pòṣé, ó fi í sílẹ̀. Òwìwí dá rìn yí bẹ́ẹ̀dì ká. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ kọ́tìnnì, ó dúró.

"Kí ló wà lẹ́yìn ibí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀dì tó kán ni, mà," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń pa á tipẹ́.

Òru jìn. Ẹyẹ ké lórí táǹkì.

"Màámi, òùngbẹ ń gbẹ mí," ni ọmọ wí. "Òtútù náà ń mú mi."

Ìyá fọwọ́ kàn án. Òógùn tútù. Ètè rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ó pe Onígíláàsì lórí fóònù. Fóònù dún, ó dún, kò gbé e. Ó tún pè. Wọ́n ti pa á. Ó sáré lọ fa Sísítà wá. Sísítà yọjú wò, ó fẹ̀yìn rìn.

"Yéè! Èmi ò sí níbẹ̀ o. Wọn ò ní sọ pé èmi ni mo fi ọmọ yín lé Òwìwí lọ́wọ́."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ tún pè é."

Ìyá pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ kò dáhùn mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, àmọ́ kò wo ibì kan. Ìyá Wọ́ọ̀dù lọ kan ilẹ̀kùn Òwìwí.

"Dókítà, bẹ́ẹ̀dì tó kán yẹn... èèyàn ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ni."

Òwìwí ò pariwo. Ó sáré. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan bọ́ sílẹ̀, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fa kọ́tìnnì ya, ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù gbọ́ ẹyẹ níta.

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀!"

Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó pè é ketekete, létí àjẹ́, lóru.

Òwìwí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà létí, ó ń pe orúkọ yẹn. Wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ń pè é. Ìyá ń sá tẹ̀ lé wọn, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, má jẹ́ ìpè náà o, má jẹ́ ẹ. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ọmọ mí kanlẹ̀.

"Mà," ló wí.

Ilẹ̀kùn tì.

Ọmọ yè é. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí Òwìwí jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, tó bá Onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà.

"O mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ọkùnrin ìpá ńkọ́? Kí lo mọ̀ nípa tirẹ̀?"

"Ó kàn ní... ẹsẹ̀ òun kan ń wú. Pé èémí òun ń kúrú díẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló gòkè pa á. Ta lo sọ fún?"

Oníbọ̀sẹ̀ pupa ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ń ṣèpàdé nínú yàrá aṣọ, ẹ ń panu pọ̀ lórí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ, tó bá yá, ẹ̀mí á bọ́. Èwo wá ni àjẹ́ nínú wa?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù kúnlẹ̀. Òwìwí wò ó. "Ẹ̀yin náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dì tó kán." Ó kọjá lára rẹ̀, kò ní kó dìde.

Nígbà tí alẹ́ tún lẹ́, kọ́kọ́rọ́ dún lórí tábìlì níwájú Òwìwí. "Gbogbo wọn wà dáadáa." Onígíláàsì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Wọ́ọ̀dù ló dúró síbẹ̀, ó fi igi ìnulẹ̀ dábùú ọ̀nà.

"Màámi, ẹ yà fún mi."

"Ẹ sọ ọ́ fún un, Dókítà."

"Ṣé orí yín pé? Mo lè lé yín níṣẹ́!"

"Ẹ lé mi lọ́la. Ẹ sọ ọ́ lálẹ́ yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ mi."

Ẹyẹ ké níta. Oníbọ̀sẹ̀ pupa fò sókè. Onígíláàsì yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún fi í bojú. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, ó fi ohùn tó rí bí ti ẹ̀fọn pe orúkọ rẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ni Òwìwí wí.

"Kò gbọ́," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí.

Ó tún un pè, sókè. Ó sọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, Ìyá Wọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé wọn tòun tigi ìnulẹ̀. Ẹlòmíì ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin ìpá. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bọ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dìde jókòó, ó wo Òwìwí lójú, ó sì fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀.