Tìróò tí Ọ̀ṣungbèmí Kò Lè Fi Sílẹ̀

Ojú wọn pàdé láàárín èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá. Ọkọ̀ láti Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, èrò ń sọ̀, èrò ń gùn, àwọn oníbúrẹ́dì ń sáré lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀ṣungbèmí, omidan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó gbé ọjà wá bá àwọn èrò ọkọ̀, gbójú sókè, ó sì rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wò ó láti inú ọkọ̀. Ọkùnrin náà kò mójú kúrò.

"Tìróò mi ti ṣiṣẹ́," ló wí nínú ara rẹ̀.

Kì í ṣe tìróò lásán. Ọkùnrin kan lọ́nà Odeda ló po oògùn mọ́ ọn fún un, pé gbogbo ojú tó bá pàdé tirẹ̀ yóò fẹ́ràn rẹ̀, ìbáà ṣe oníbàárà, ìbáà ṣe ọkọ. Èèwọ̀ kan ló wà níbẹ̀: kò gbọdọ̀ fi òwúrọ̀ kan ṣàìlé e. Bó bá fò ó pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò kórìíra rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín èrò wá.

"Ẹ kú ọjà o, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ojú ọ̀tún yín yẹn mà pọ́n o. Ṣé kò dùn yín?"

Adérónkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà, bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! A ní ọkọ dé, àṣé dókítà ni!"

Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Adigbe. Theophilus lorúkọ rẹ̀. "Àpólò ló ń jà kiri ìlú," ó ní. "Ẹ má lé tìróò sí i mọ́. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní igi tìróò yín tàbí táwẹ̀lì yín. Omi tí ẹ sè tó ti tutù ni kí ẹ máa fi nu ún. Bó bá ń dùn yín gan-an, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, ẹ tètè wá bá wa."

Ìtìjú di ìbínú. "Ojú mi ni," Ọ̀ṣungbèmí dá a lóhùn, "kì í ṣe ojú ìyá rẹ."

Ṣùgbọ́n ojú kò jẹ́ kó sinmi. Ó jókòó, ó dìde. Ó wọlé, ó jáde. Ará ilé kan ní kó fi ìtọ̀ àárọ̀ sí i, òmíràn ní omi ṣúgà ni. Ó kọ tiwọn, kò kọ tìróò. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á mú igi, omijé á máa dà, á tún lé e. Bí òun bá jáwọ́, ta ni yóò tún wo òun?

Títí oníbàárà kan fi sọ pé kó bá òun mú èyí tó ní iṣẹ́ ọnà olókun nínú àwọn àdìrẹ. Ó mú un, ó nà án sí i.

"Ìbàdàndùn lẹ mú fún mi yìí, àǹtí! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Ọ̀ṣungbèmí fọwọ́ bo ojú òsì. Èéfín ló fi ojú ọ̀tún rí.

Adérónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó fà á lọ́wọ́ dé Adigbe. Dókítà wò ó: egbò ti wà lórí dúdú ojú. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ báyìí, ó lè ríran. Bó bá tún lé tìróò sí i, ojú náà lè lọ.

Ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ ò mọ̀ ni! Bí mi ò bá lé e lọ́la, gbogbo èèyàn ló máa kórìíra mi."

"Èmi tí mò ń bú ẹ lójoojúmọ́ ńkọ́?" Adérónkẹ́ bi í. "Tìróò ló ní kí n fẹ́ràn ẹ?"

Theophilus fa àga sún mọ́ ọn. "Arábìnrin, ẹ ti ń wá ojú tó máa fẹ́ràn yín kiri. Ọlọ́run ti rí yín tẹ̀ṣẹ̀tẹ̀ṣẹ̀, kò mójú kúrò. Ó jẹ́ kí Ọmọ rẹ̀ kú nítorí yín. Ẹ tuba, kí ẹ gbà á gbọ́."

Ọ̀ṣungbèmí yọ ìgò tìróò nínú tòbí rẹ̀, ó dì í mú, ó dì í mú, kó tó wá jù ú sínú garawa pàǹtí. "Jésù," ó ní, "agbéraga ni mí, oògùn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Dárí jì mí. Wò mí."

Ilẹ̀ mọ́. Kò lé tìróò. Ó jáde pẹ̀lú ìbẹ̀rù, àwọn èèyàn sì ń kí i bí wọ́n ti ń ṣe. Ó ń lo oògùn tí dókítà fún un, ojú náà sì san díẹ̀díẹ̀. Àpá funfun kékeré ló kù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣèrìbọmi, Theophilus dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. "Gbèmí, ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí o gba Jésù nítorí tèmi, ni mi ò ṣe tíì fún ẹ."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí ojú bá ń dùn ọ́, má fi oògùnkóoògùn dán an wò, tètè lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ ńkọ́, tó ń jà gùdù tí o kò lè sinmi? Kí lo dì mú tó ń pa ọ́? Jù ú nù. Má ní ó di ọ̀la, ẹni tó ní ọ̀la kọ́ ni ọ́. Theophilus dúró kó tó fi lẹ́tà ìfẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọlọ́run kò dúró: nígbà tí o ṣì wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ ló ti na tirẹ̀ sí ọ. Ọ̀rẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà. Gbà á lónìí.