Koríko Ń Mí

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Rilwan ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin kan, nínú pápá kan ní Sùúrùlérè, tó da ojú dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí lẹ́nu koríko. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lánàá, gbogbo pápá náà sì tutù minimini. Àgbò ni Rilwan ń sìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ọ̀kan ló já tó ń lé bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó wọ ibí," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Kí ló sọnù, àǹtí? Ẹ jẹ́ n bá yín wá a."

"Nǹkan kan ò sọnù. Mò ń wọn bí koríko ṣe ga tó ni."

Rilwan di àgbò náà mú, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu, àgbò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fàrídà lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì kan ní Yábàá ló ti ń ṣèwádìí. Ó ṣàlàyé pé kábọ́ọ̀nù wà nínú èéfín mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀ tó ń gòkè lójoojúmọ́, òun ló sì ń mú ayé gbóná. Koríko a máa fa díẹ̀ nínú rẹ̀ mu, á fi kọ́ ewé, á sì fi gbòǹgbò rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò èyí tó ń gòkè àti èyí tó ń padà, àfi kó mọ bí koríko ṣe ń dàgbà lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

Láti ìgbà náà, Rilwan ò yéé wá. Ó bá a ṣọgbà yí ibi tí ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹ ká. Lọ́jọ́ tí wọ́n wú gbòǹgbò kan tó gùn ju apá rẹ̀ lọ, Rilwan fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Gbogbo èyí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa ni, olólùfẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí Fàrídà tó mọ̀.

"Kí lo pè mí?"

"Koríko ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n ìyá Fàrídà, Alhaja Sìmíátù, tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ò fẹ́ gbọ́ rárá. "Mo rán ọ lọ yunifásítì, koríko lo lọ ń wọ̀n. Èyí tó o tún fẹ́ fẹ́, àgbò ló ń dà."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí koríko ìta gbẹ, àwọn àgbò Rilwan fọ́ ọgbà náà, wọ́n sì jẹ gbogbo ohun tí Fàrídà ti ń ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Fàrídà sunkún. Rilwan kò wá àwáwí.

"Àgbò mi ló jẹ ẹ́. Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ẹran kankan débí mọ́."

Ó kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà náà, ó di pé ó ń wọkọ̀ ní Jíbówú lọ tọ́jú wọn, á sì padà wá ṣọ́ koríko.

Alhaja gbọ́ pé Rilwan ṣì ń wá síbẹ̀, ó sì wá sí pápá láti wá lé e. Ó bá àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, níwájú àpótí kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n fi bo koríko tútù tó tún hù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ka kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yìí ná."

Oòrùn yọ. Nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí koríko ṣe ń fa kábọ́ọ̀nù mu. Rilwan fi aṣọ dúdú bo àpótí náà. Nọ́ńbà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ká aṣọ kúrò, ó tún ń lọ sílẹ̀.

"Sùbúhánallàhi," ni Alhaja wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ń mí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. "Ṣé èémí tèmi náà wà nínú ohun tó ń gbà?"

"Tiyín náà wà níbẹ̀, Màámi. Kábọ́ọ̀nù wà nínú èémí gbogbo wa."

Ó dìde, ó kọjú sí Rilwan. "Wọ́n ní o kó àgbò rẹ lọ Ìjẹ̀bú nítorí èyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo rí lára ọmọ mi?"

"Ojú tó fi ń wo ilẹ̀ ni, mà. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò lè wo nǹkan kan bí ohun lásán mọ́."

Alhaja bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kó tó gba orí koríko kọjá. Ó dé ẹnu géètì kó tó yíjú padà.

"Lọ́jọ́ Sátidé, kó àwọn èèyàn rẹ wá kí wa."

Oṣù tí òjò padà ni wọ́n so yìgì. Nígbà tí àwọn àlejò tú ká, tọkọtaya náà jókòó lójú fèrèsé, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn, wọ́n ń wo bí òjò ṣe ń bo gbogbo Sùúrùlérè.