Oògùn Kòkó Tó Wọ Odò

Omi ọ̀sà ti mu Bísíríyù dé orúnkún lọ́jọ́ tí Mùnírátù kọ́kọ́ rí i ní èbúté Ìjẹ̀dẹ́. Pọ́ńpù bàbà tí wọ́n fi ń fín oògùn sí kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin nínú oòrùn, ó sì fẹ́ẹ́ fọ̀ ọ́ sínú omi. Mùnírátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wá ra ẹja, pariwo láti inú ọkọ̀:

“Ẹ̀yin yìí! Ṣé ẹja ló ń jẹ kòkó yín ni?”

Ojú ti Bísíríyù. “Ẹ má bínú. N ò ronú kan ẹja.”

“Ẹ yáa ronú kàn án. Òun la fi ń jẹun.”

Bísíríyù gòkè, ó gbẹ́ ihò sínú igbó tó jìnnà sómi, ibẹ̀ ló ti fọ pọ́ńpù náà. Nígbà tó padà dé, ọmọbìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìkòròdú ni Bísíríyù. Lọ́dún 1956 yẹn, ìjọba gbà á láti máa fín oògùn sí kòkó tí kòkòrò ń pa. Oko tó bá fín, kòkó ibẹ̀ á tún so. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní Dókítà Kòkó.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wà ní èbúté.

“Dókítà, ẹ ò ní aláìsàn lónìí ni?”

“Èmi gan-an ni aláìsàn. Ìwọ ni mo wá fi ara hàn.”

Kò pé ọdún kan tí àwọn ẹbí Bísíríyù fi dé Ẹ̀pẹ́ láti wá tọrọ Mùnírátù. Bàbá Àbúdù, bàbá Mùnírátù, gbà. Mùsílímátù, ìyá rẹ̀, ń pe Bísíríyù ní ọmọ mi. Wọ́n fi yìgì sí ẹ̀yìn ààwẹ̀.

Láàárín ìgbà náà ni Ògúnsànyà, àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀dẹ́, wá bẹ Bísíríyù. “Kó tó kàn mí, kòkó mi á ti kú tán.” Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fún un ní agolo oògùn kan, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kà á léèwọ̀.

Ògúnsànyà fín oko rẹ̀. Ebi sì wà nílé, ló bá da èyí tó kù sínú odò láti fi pa ẹja. Ẹja léfòó lọ súà. Ìyàwó rẹ̀ kó o dé èbúté, Mùsílímátù, tó wá ra ẹja lọ́jọ́ náà, rà nínú rẹ̀ lọ sílé, ó sè é, ó jẹ ẹ́. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọn ò tíì kírun alásàárì tó fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí Ògúnsànyà gbọ́ ikú náà, ó sunkún wá bá Bísíríyù, ó jẹ́wọ́ fún un. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bísíríyù wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Àbúdù nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

“Dìde kúrò nílé mi.”

Mùnírátù sáré tẹ̀ lé e dé etí omi. “Ta ló mọ̀? Kí ló dé tí o ò dákẹ́?”

“Kí o máa sunkún ìyá rẹ, kí n máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, kí n sì mọ ohun tó pa á?”

“Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Bísíríyù. Ṣùgbọ́n n ò lè wo ojú rẹ.”

Bísíríyù lọ jẹ́wọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n dá a dúró. Fún ọdún méjì, ó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé létí ọ̀sà, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn náà, ó ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á sómi. Kì í fi ẹ̀bi ara rẹ̀ pamọ́. Àwọn kan bú u, àwọn kan lé e.

Lọ́jọ́ kan lọ́jà Ẹjìnrìn, Bàbá Àbúdù dúró sẹ́yìn èrò títí Bísíríyù fi sọ̀rọ̀ tán.

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Bàbá.”

Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà. “Ìyàwó mi ò ní padà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti kọ ọkọ mẹ́ta. Máa bọ̀ nílé.”

Wọn ò sè, wọn ò kọrin lọ́jọ́ yìgì náà. Nígbà tí ààfáà bi Mùnírátù bóyá ó gba Bísíríyù lọ́kọ, ẹkún ló bú sí. Ẹkún náà pẹ́ débi pé àwọn èèyàn rò pé ó ti kọ̀ ọ́. Bísíríyù sorí kọ́, ó ń dúró.

Mùnírátù nu ojú rẹ̀. Ó gbórí sókè, ó wo ojú Bísíríyù.

“Mo gbà á,” ló wí.