Ọjọ́ Tí Sàmófà Bàbá Yevsei Fò

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ọdún 1925, Bàbá Yevsei kú. Alágbẹ̀dẹ idẹ ni, ní ìlú kékeré kan tó jìnnà sí Moscow. Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lórí yìnyín ní òwúrọ̀, kò sì padà wá.

Ó fi ìyàwó rẹ̀, Fekla, sílẹ̀. Ó fi Tikhon ọmọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó sì fi sàmófà ńlá kan sílẹ̀, ìkòkò idẹ tí wọ́n fi ń se omi tíì, èyí tí iná rẹ̀ ń jó nínú ihò tó la àárín rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rọ ọ́ lọ́dún tó gbé Fekla níyàwó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, Màmá Fekla kò rẹ́rìn-ín mọ́. Á jókòó ti sàmófà, á máa bá a wí bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ wí: "Yevsei, o tún ti ń kùn. Mo ní mo gbọ́!"

Bàbá Yevsei kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ràn bí ìtàn àwọn tó ń fò lọ sínú ìràwọ̀, irú èyí tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn láti Moscow. Tikhon á máa kà á fún un, bàbá á máa bá ìwé jiyàn.

"Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà nínú ẹyin irin yẹn. Níbo ni wọ́n ń tọ̀ sí?"

"Bàbá Àgbà, ẹni tó kọ ọ́ kò sọ."

"A jẹ́ pé òun náà ò tíì dé ibẹ̀. Máa kà lọ."

Nígbà tí bàbá kú, Tikhon jogún àlá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jogún ìbéèrè rẹ̀. Ó lọ fọ́nnu nílé ìwé pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun yóò fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rán àkùkọ ilé àwọn lọ sí òṣùpá. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ti jẹ́ kó sinmi.

"Tikhon Olóṣùpá! Ṣé àkùkọ yẹn ti di ẹrù rẹ̀?"

"Bó bá débẹ̀, kó bá wa kí àwọn ará ilé."

Glafira nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin yìí ló mọ ìṣirò jù ní kíláàsì wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ẹ̀tù ìbọn mélòó lo fẹ́ lò?" ó bi í.

"Èyí tó bá tó."

"'Èyí tó bá tó' kì í ṣe iye. Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi agolo kékeré dán an wò lẹ́yìn ilé."

"Gbogbo àdúgbò ló ń bọ̀ o, Glafira! Ṣé agolo ni kí n fi hàn wọ́n?"

"Agolo tó fò kò dára ju orí tó fò lọ?"

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n Tikhon ti na ahọ́n sóde. Ohun tó ń wá ni irin tó lágbára, tó sì ní ihò láàárín. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ilé. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ojú tún padà síbẹ̀. Nígbà tí Màmá Fekla lọ kí àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì odò, Tikhon gbé sàmófà jáde. Ó fi bébà pupa wé e, ó ya ìràwọ̀ sí i lára, ó sì ki ẹ̀tù tí bàbá fi ń ṣọdẹ sínú ihò rẹ̀ títí tí kò fi gbà mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọgbà ilé wọn kún. Wọ́n gbé Bàbá Nikanor pàápàá wá, àgbà jù lọ ní àdúgbò, tàga-tàga, wọ́n sì fi aṣọ òtútù bò ó dé ọrùn. Àkùkọ wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ orí rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń wo gbogbo wọn tìkà-tẹ̀gbin. Tikhon sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la ọmọ aráyé. Ó ṣáná sí okùn gígùn tó ti rẹ sínú ẹ̀tù. Bó ṣe nàró báyìí ni ilẹ̀kùn ọgbà ṣí.

Màmá Fekla ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ ti jà, ó sì ti padà sílé.

"Kí lẹ ń wá nínú ọgbà mi?"

"Màmá, Tikhon fẹ́ rán àkùkọ lọ sí òṣùpá ni."

Gbogbo ènìyàn ń retí ariwo. Ìyá náà wo àkùkọ, ó wo ojú ọ̀run.

"Ibẹ̀ jìn?"

"Ó jìn, Màmá Àgbà."

"Ẹ ti jókòó?"

Gbogbo wọn ṣì wà ní ìdúró.

"Ẹ ò tíì jókòó! Ẹ ò lójútì? Wọ́n kánjú gbé Yevsei lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a ò jókòó. Ẹ ò rí ohun tó dà? Ẹ jókòó!"

Nílùú yẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ìrìn àjò kí gbogbo ilé má kọ́kọ́ jókòó. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọn kì í dìde, àfi bí ẹni tó dàgbà jù bá dìde. Kíá, kálukú wá ibi jókòó: àwọn kan sórí igi ìdáná, àwọn kan sórí korobá, àwọn tó kù sórí yìnyín. Màmá Fekla gbé àpótí ìjókòó Bàbá Yevsei jáde, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, ó sì jókòó lé e.

Gbogbo ojú wà lára Bàbá Nikanor. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tó wà lọ́jà yìí ti sùn lọ. Ó tilẹ̀ ń hanrun.

Iná ń jó okùn lọ, ó ń dún ṣíṣíṣí. Glafira ranjú mọ́ Tikhon bí ẹni fẹ́ fi ojú gbá a létí. Bí Tikhon bá lanu, àṣírí á tú, ẹ̀sín rẹ̀ á sì di orin nílé ìwé. Bí kò bá lanu, ìyá ìyá rẹ̀ nìyí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀tù. Bébà pupa ya díẹ̀, ọ̀kan nínú etí idẹ tí wọ́n fi ń gbé sàmófà yọ jáde. Màmá Fekla yí orí, ó tẹjú mọ́ etí náà.

"Màmá Àgbà, ẹ dìde!" Tikhon kígbe. "Iná ti wà lára okùn! Sàmófà Bàbá ni! Èmi ni mo jí i gbé!"

"Pa ẹnu mọ́," ni ìyá náà wí, kò mira. "Àgbà ò tíì dìde."

Tikhon kò bá a jiyàn. Ó gbé e tàpótí-tàpótí, ó sì sá. Glafira fa okùn apẹ̀rẹ̀ já, àkùkọ fò sórí òrùlé. Nígbà náà ni ilẹ̀ mì.

Sàmófà gòkè dé orí ọgbà, ó dúró lófuurufú bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì padà. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé ìwẹ̀, ó gba òrùlé jáde, ó sì fọ́ yángá sórí òkìtì ìgbẹ́ ẹṣin.

Nínú èéfín, Bàbá Nikanor lajú. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde tìyì-tẹ̀yẹ.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ lè máa lọ."

Màmá Fekla rìn lọ síbi òkìtì náà, ó wo ohun tó kù níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo wọn rò pé ẹkún ni.

"Yevsei," ó wí, ẹ̀rín ń gbé e lọ, "òṣùpá ni wọ́n ní o ń lọ. Ilé ìwẹ̀ lo yà!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló di Tikhon létí mú.

Títí òtútù fi lọ, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń se omi tíì, gbogbo tíì wọn sì ń rùn bíi kábéèjì. Tikhon mu ún láìjanpata. Ó tún òrùlé ilé ìwẹ̀ ṣe nínú òtútù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń béèrè nísàlẹ̀ bóyá ó ti ń rí òṣùpá látòkè. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ Glafira, ẹni tí kì í gba "èyí tó bá tó" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ìgbà tí yìnyín yọ́, ó yege ìdánwò wọ ilé ìwé ẹ̀rọ ní ìlú ńlá. Lọ́jọ́ tó ń lọ, wọ́n jókòó. Màmá Fekla ti kọ́kọ́ jí Bàbá Nikanor.

Àlá Tikhon kò burú. Bàbá àgbà rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó burú ni pé ó mú ohun olóhun nítorí ìyìn ẹgbẹ́, kò sì wọn nǹkan kó tó ṣáná. Ẹni tó bá fẹ́ fò, kó kọ́kọ́ kọ́ ìṣirò. Bó bá sì ṣe àṣìṣe, kó lanu sọ ọ́ kí okùn tó jó tán. Ẹ̀sín á lọ. Ìyá tó bá kú kò ní padà.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ilé náà nìyí: ẹnu ẹ̀rọ omi sàmófà, tó ṣì ń ṣí, tó ṣì ń tì, etí idẹ kan, àkùkọ kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi apẹ̀rẹ̀ sún mọ́ òun mọ́, òrùlé ilé ìwẹ̀ tó ń jò díẹ̀, àpótí ìjókòó Bàbá Yevsei, àti ìbéèrè rẹ̀ kan tí ìwé kankan kò tíì dáhùn: níbo ni wọ́n ń tọ̀ sí?