Funfun Méjì Lára Ògiri Kan

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìjà la fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́ o. Ìjà ẹnu ni, èmi ni mo sì dá a sílẹ̀, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà bàbá mi ni mo wà, mò ń fi igi ro ọ̀dà nínú garawa. Bàbá mi ni akunlé tó lórúkọ jù ládùúgbò wa. Òun ń kun ilé, èmi ń po àwọ̀. Ọkùnrin gíga kan wọlé, ó kí mi dáadáa, ó ní òun fẹ́ ra agolo ọ̀dà méjì.

"Àwọ̀ wo?"

"Dúdú kan, funfun kan."

"Bọ̀dá, àwọ̀ ni mo bi yín o. Dúdú àti funfun kì í ṣe àwọ̀. Funfun ni ògiri máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tó dé, dúdú ló sì máa ń kù tí àwọ̀ bá ti bàjẹ́."

Ohun tí bàbá mi kọ́ mi láti kékeré nìyẹn. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó fara ti káńtà, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ná. Àwọ̀ ewé, ewé ló yá a lórúkọ. Àwọ̀ eérú, eérú ló yá a lórúkọ. Ṣùgbọ́n dúdú ń jẹ́ dúdú, funfun ń jẹ́ funfun, wọn ò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èwo ló wá jẹ́ ojúlówó nínú wọn?"

Mo gbé agolo méjèèjì kalẹ̀ fún un, mo gba owó rẹ̀. Inú bí mi. Mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kó tún padà wá.

Ó padà wá lóòótọ́, lọ́sẹ̀ yẹn àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Pátákó ló máa ń kọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé, lẹ́tà dúdú lórí funfun, kò sí àfikún. Bí oníbàárà bá ní kó fi pupa díẹ̀ sí i, á ní òun kì í ṣe é. Bí a ṣe ń pè é ní Dúdú-lórí-Funfun nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń gbà fún un.

Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára débi pé tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lásán, ọ̀dà á máa dànù lọ́wọ́ mi. Ó máa ń pè mí ní Iyebíye. Èmi á ní, "Ẹ wo ẹlẹ́nu dídùn!" Inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ọjọ́ tó wá fi ara rẹ̀ han bàbá mi ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Bàbá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú màmá mi, wọ́n ń bá a ṣàwàdà. Agolo méjì wà ní ṣíṣí nílẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé.

"Ọmọ mi, bá mi gbé pupa yẹn wá."

Ó gbé àwọ̀ ewé wá.

Bàbá mi rò pé eré ni. "Pupa ni mo ní o."

Ó padà síbẹ̀, ó dúró síwájú agolo méjèèjì. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Dúdú àti funfun nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí."

Gáùn pupa tí mo tìtorí rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Kò tiẹ̀ mọ̀ pé pupa ni!

"Ẹni tí kò mọ àwọ̀ ò lè fẹ́ ọmọ akunlé," bàbá mi wí. "Ta ni yóò bá ọmọ mi mójú tó ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́la? Àwọn ọmọ ọmọ mi ńkọ́, tí àwọn náà ò bá mọ àwọ̀?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ rọra," màmá mi bẹ̀ ẹ́.

"Má dá sí i."

Mo sìn ín dé ìta. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọ̀ ni gbogbo ayé rẹ. Mo rò pé o máa sá."

"Ṣé o rí i pé mo sá?"

"Rárá."

"Ó yá, má sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ mọ́." Ẹkún ni mo fi sọ ọ́.

Fún oṣù méjì, bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo ní mi ò ní fẹ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fẹ́ kúrò nílé láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Mo wà láàárín méjì.

Ìgbà náà ni bàbá mi gba iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn la fi bẹ̀rẹ̀, funfun báláú. Ìyá agbẹ̀bí tó ni ín ní tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbé àwọn yàrá tó kù fún ẹlòmíràn.

Tí bàbá mi bá fẹ́ kun pupa tàbí búlúù, á kọ́kọ́ da gbogbo garawa pọ̀ sínú àgbá kan, kó lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ funfun, á ní, "Kí la fẹ́ dà pọ̀? Funfun ni funfun." Bó ṣe ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

A kun ún tán nígbà tó ku ọ̀la kí ìyá agbẹ̀bí wá wò ó. Àfi bí Dúdú-lórí-Funfun ṣe yọjú pẹ̀lú àwọn pátákó ẹnu ọ̀nà tí ìyá náà ní kó kọ. Ó kí bàbá mi, bàbá mi fi imú dá a lóhùn. Ó kan pátákó méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wá dúró, ó ń wo ògiri.

"Bàbá, ẹ má bínú. Funfun méjì ló wà lára ògiri yìí."

"Kí lo wí? Ìwọ tí o ò mọ pupa?"

"Òótọ́ ni, sà. Mi ò mọ pupa. Ṣùgbọ́n láti ibí lọ sọ́hùn-ún, ó ṣú díẹ̀." Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Bàbá mi náà ò rí i. Ó ti ń na ọwọ́ sí ọ̀nà ìta fún un. Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, pé bóyá afẹ́fẹ́ á mú kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Oòrùn wọlé, ó fẹ̀gbẹ́ gba ara ògiri kọjá. Yéè! Apá kan mọ́ bíi wàrà, apá kejì rí bí eyín àgbàlagbà. Ibi tí wọ́n ti pàdé bọ́ sórí ìlà pẹ́ńsù náà gẹ́lẹ́.

Bàbá mi dojú garawa kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

"O ò bá ti dákẹ́, kí ojú lè tì mí lọ́la," ló wá sọ.

"Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀, sà. Tí ojú bá tì yín, èmi ló tì."

Bàbá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó dìde, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kan fún un. "Ó yá, ká da gbogbo ẹ̀ pọ̀, ká tún un kùn. Ọmọ mi, lọ wá àgbá wá." Mi ò mọ èwo nínú wa ló ń pè ní ọmọ rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ sáré.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, gáùn funfun ni mo wọ̀, pẹ̀lú ìgbànú dúdú fífẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pàtẹ́wọ́. "Ó ga o! Ọmọ akunlé! Ṣé àwọ̀ ti tán láyé ni?"

Mo la ẹnu, bàbá mi ló yára jù mí lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọ̀ ni méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó."

Ọkọ mi tẹ̀ sí etí mi. "Iyebíye, òní ni mo kọ́kọ́ rí aṣọ rẹ bí gbogbo èèyàn ṣe ń rí i."

"Ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́ nìyẹn."